Igi Àgbálùmọ̀ tí Ìyá Àgbà Fi Sílẹ̀

Bí oṣù kìíní ọdún bá ti wọlé, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kúbwá bíi tiwa, tàbí ní Kàdúná, tàbí ní Kánò, ẹ ó ti máa gbọ́ igbe àwọn ọmọkùnrin tó ń ti bárò kiri àdúgbò: "Agwaluma! Agwaluma!" Yorùbá tí kò gbọ́ Hausa rárá mọ ohun tí wọ́n ń tà kí ó tó yọjú lójú fèrèsé. Àgbálùmọ̀ wa náà ni. Èdè Hausa kò ní gb, nítorí náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wọn, gb di gw, ọ̀rọ̀ sì di tiwọn. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo kọ́ ní yunifásítì, iṣẹ́ olóòtú ni mo sì fi ń jẹun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí bí mo bá ń yà sídìí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo rí nínú orúkọ yìí ni pé èso náà kò dá rìnrìn àjò lọ sí Òkè Ọya. Òun àti orúkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ.

Àwọn Igbo ní orúkọ tiwọn: ụdara, tí àwọn ará Anambra ń pè ní ụdala. Otien ni ti àwọn Ẹ̀dó. Ní Iléṣà tí ìyá mi ti wá, àti ní apá Èkìtì àti Oǹdó, bí àgbàlagbà bá sọ pé òun fẹ́ jẹ ọsàn, ẹ má sáré lọ bó ọsàn mímu wá o; àgbálùmọ̀ ló ń wí. Àwọn òyìnbó gé e sí méjì, wọ́n rí i pé àwọn kóró inú rẹ̀ tò bí ìràwọ̀, wọ́n bá pè é ní ápù oníràwọ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Kò bá ápù tan rárá. Àgbáyun tó máa ń sọ ohun kíkan di dídùn lẹ́nu ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀, àti igi tí a ti ń rí òrí tí a fi ń para. Síbẹ̀, ápù gidi kan wà nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Igi àgbálùmọ̀ méjì ló wà ní agboolé bàbá ìyá mi ní Iléṣà. Ọ̀kan wà lẹ́bàá kànga, èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kọjú sí títì. Èyí tó wà lẹ́bàá kànga ni a ń pè ní Aládùn, èkejì ń jẹ́ Oníkíkan. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, máa ń sọ pé Aládùn ti ń so nígbà tí wọ́n gbé òun níyàwó wọ ilé náà ní nǹkan bí ọdún 1955. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbìn ín. Bóyá ẹnì kan ló jẹ àgbálùmọ̀, tó tu kóró sẹ́bàá kànga, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé Aládùn kò kan o. Àgbálùmọ̀ tí kò kan rárá, kí la fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n adùn ni ó máa ń kọ́kọ́ kí ẹnu, kíkan á wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Oje funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ètè kò pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà a kì í wá epo pa ẹnu lẹ́yìn tí a bá jẹ ẹ́ tán. Ní ti Oníkíkan, bí ẹ bá fi í kan ahọ́n, ojú yín á pa dé fúnra rẹ̀. Àwọn aláboyún àdúgbò nìkan ló máa ń béèrè rẹ̀, wọ́n sì máa ń bẹ̀bẹ̀ fún un bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ fún oògùn.

Òfin Ìyá Àgbà kò pọ̀, ó kàn le ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun igi náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lókò. Èyí tó bá já fúnra rẹ̀ ni a ó jẹ. Òótọ́ wà nínú òfin yìí, torí àgbálùmọ̀ tí a bá ká kí ó tó gbó dáadáa máa ń kún fún oje, ó sì máa ń fún ẹnu pọ̀. Ní aago márùn-ún ìdájí, àwa ọmọ á ti gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sídìí igi. Ìyá kan tó jẹ́ Igbo, tí ilé wa àti tirẹ̀ jọ kọjú síra ní Kúbwá, sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni lọ́dọ̀ tiwọn: a kì í ká ụdara lórí igi, èyí tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá rí i ló ni ín, ìbáà ṣe inú ọgbà olówó ni igi náà wà. Wọ́n tún ní àlọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Igbo mọ̀, ti ọmọ òrukàn tí ìyàwó bàbá rẹ̀ jẹ ụdara tí kò fún un. Ọmọ náà gbin kóró, ó ń kọrin fún un, kóró hù, ó di igi, ó so. Àlọ́ náà dùn. Ẹni tó bá gbin kóró àgbálùmọ̀ lóde òní yóò kọrin fún nǹkan bí ọdún méje, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó rí ohun fi sẹ́nu.

Kì í sì í ṣe ọdún tí yóò fi dúró ni ìṣòro tó tóbi jù. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Àgbálùmọ̀ kò gbọ́ òwe yẹn. Láàárín ọdún tí Ìyá Àgbà lò nínú ilé náà, kò sí iye ènìyàn tí kò wá tọrọ kóró Aládùn lọ́wọ́ rẹ̀: ará ṣọ́ọ̀ṣì, àna, olùkọ́, oníṣòwò tó ń lọ Òṣogbo. Kì í ṣahun, gbogbo wọn ló fún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́wàá, wọ́n á padà wá, wọ́n á ní igi so o, ṣùgbọ́n ó ń kan gógó. Obìnrin kan láti ìsàlẹ̀ àdúgbò gbà pé ṣe ni Ìyá Àgbà bọ kóró náà kí ó tó fún òun, kí adùn má baà jáde kúrò nílé wọn. Ẹ gbọ́ ná, kóró tí a bọ̀, báwo ló ṣe hù? Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í rò jìnnà. Ó tó ọdún méjì tí kò fi kí Ìyá Àgbà.

Ohun tó fà á kò le. Òdòdó àgbálùmọ̀ máa ń gba àtíkè òdòdó láti ara igi mìíràn. Kóró tí ẹ bá bá nínú èso Aládùn ní ìyá, ó sì ní bàbá. Aládùn ni ìyá. Bàbá lè jẹ́ igi èyíkéyìí tí kòkòrò ti kọ́kọ́ bà lé, Oníkíkan sì nìyẹn ní ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀. Ọmọ ni kóró. Ó lè jọ ìyá, ó lè jọ bàbá, ó lè gbé ìwà baba ńlá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí wá sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ là mí lójú sí ọ̀nà àbáyọ, ibi tí ó sì ti rí i ni ìdí ápù. Nottingham ni ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi àwòrán ápù kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ápù ńlá, aláwọ̀ ewé, tí kò rí mìnìjọ̀. Ó ní Bramley ni wọ́n ń pè é, pé ó kan débi pé wọn kì í sáàbà jẹ ẹ́ ní tútù. Ṣe ni wọ́n ń bó o, wọ́n á gé e, wọ́n á sè é pẹ̀lú omi díẹ̀ àti ṣúgà, gbogbo rẹ̀ á sì rọ̀ di ọbẹ̀. Ó ní òun ti rí ohun tó lè dípò Oníkíkan nílẹ̀ òyìnbó. Ó wá sọ ìtàn igi náà fún wa.

Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Southwell, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin kan, Mary Ann Brailsford, gbin kóró ápù ní ọdún 1809. Igi kan hù. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn ra ilé náà ní ọdún 1846, alápatà kan tó ń jẹ́ Matthew Bramley. Ní ọdún 1856, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tọ́jú igi fún títà, Henry Merryweather, rí èso igi yìí, ó ní kí Bramley jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun gé nínú ẹ̀ka rẹ̀. Bramley gbà, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ òun ni ápù náà yóò máa jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ alápatà ṣe borí orúkọ ọmọ tó gbìn ín. Títí dòní, gbogbo igi Bramley tó wà láyé, láti ẹ̀ka igi kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti wá, ẹ̀ka tí a gé lára ẹ̀ka, tí a tún gé lára ẹ̀ka. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó jẹ́ ọmọ. Igi àkọ́kọ́ náà ni gbogbo wọn. Ìjì wó igi àtijọ́ yẹn ní nǹkan bí ọdún 1900, ó tún ta gbòǹgbò níbi tó wó sí, ó ń so. Olú kan tó máa ń jẹ gbòǹgbò igi ló wá ń bá a jà báyìí. Bó bá tilẹ̀ kú, ápù rẹ̀ kò lè kú mọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ìtàn yìí, ìtàn lásán ni létí mi. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Ìyá Àgbà kú, ní ọdún 2019. Ní àsìkò Ọdún Àjíǹde 2021, ẹbí jókòó, wọ́n pín agboolé. Apá ẹ̀yìn, níbi tí kànga wà, bọ́ sọ́wọ́ àbúrò ìyá mi ọkùnrin tí a ń pè ní Dádì Iléṣà. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin síbẹ̀, igi méjèèjì yóò sì lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ènìyàn burúkú ni. Gbòǹgbò Aládùn ti gbé ìpìlẹ̀ ilé ìdáná sókè, ògiri ti là. Ẹ̀ka kan ti já lulẹ̀ nínú ìjì rí, díẹ̀ ló kù kó pa ewúrẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì kì í dé lásìkò, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sì lè bọ́ ọ. Ìyá mi kò bá a jà. Ó kàn kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n fún àbúrò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa di ìparí òjò." Gbogbo ilé pariwo pé kí ó dìde. Dádì Iléṣà ní òun gbà, di ìparí oṣù kẹwàá.

A wá ọ̀gá kan tó ń tọ́jú igi eléso fún títà ní Ìbàdàn. Oṣù karùn-ún ni ó wá, òjò ti mú ilẹ̀. Ohun tó ṣe lórí igi náà ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí ẹni tó ní igi tó fẹ́ràn nílé lè ní kí wọ́n ṣe é fún òun.

Ó yan ẹ̀ka mẹ́jọ tí ó nípọn tó àtàǹpàkò, tí oòrùn ń kàn. Lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ó fi ọ̀bẹ mímú bó èèpo yíká bí òrùka, ní ìwọ̀n ìka méjì, ó sì ha ohun yíyọ̀ tó wà lábẹ́ èèpo náà kúrò pátápátá. Ó ní bí ìyẹn bá ṣẹ́kù, èèpo á tún padà bo ojú ọgbẹ́. Ó wá fi ìyẹ̀fun pákó láti ilé ìlagi, tó ti rẹ sómi tí ó sì ti fún, di ibẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e, ó so òkè, ó so ìsàlẹ̀. Ó rí bí ẹni di ọgbẹ́ fún ènìyàn. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: omi láti ilẹ̀ ń gba àárín igi gòkè, nítorí náà ewé ẹ̀ka kò ní rọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ewé ń sè, inú èèpo ló ń gbà sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó bá dé ibi òrùka, ọ̀nà ti gé. Á dúró síbẹ̀, á pọ̀ níbẹ̀, níbi òkùnkùn àti ọ̀rinrin yẹn ni ẹ̀ka á sì ti ta gbòǹgbò, lókè níbẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ wá bá a.

Ó tún gé ẹ̀ka kéékèèké lọ sí Ìbàdàn, ó lọ́ mẹ́ta mọ́ ara ọmọ igi àgbálùmọ̀ tí òun ti gbìn láti kóró. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ ọ̀rọ̀ yìí, lọ́: òun ni wọ́n lò nínú ìwé Róòmù orí 11, níbi tí wọ́n ti lọ́ ẹ̀ka igi ólífì ìgbẹ́ mọ́ igi ólífì rere. Ti wa ni òdìkejì rẹ̀. Gbòǹgbò lè jẹ́ ti ìgbẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ka tó wà lókè ló ń pinnu ohun tí ẹ ó jẹ.

Àgbálùmọ̀ kò rọrùn láti mú ta gbòǹgbò, ọ̀gá náà kò sì fi pa mọ́ fún wa. Nínú mẹ́jọ, mẹ́ta gbẹ. Mẹ́ta yọ kókó funfun yí ojú ọgbẹ́ ká, kò kọjá ibẹ̀. Méjì ta gbòǹgbò, a ń rí i nínú ọ̀rá bí okùn funfun. Nínú mẹ́ta tí ó lọ́, ọ̀kan ló mú. Oṣù kẹsàn-án ni ó gé àwọn tó ta gbòǹgbò. Nígbà tí a béèrè iye tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó ní kí a fún òun ní owó ọkọ̀ nìkan, kí a sì jẹ́ kí èyí tó mú ní Ìbàdàn di tòun, nítorí òun náà ti tọ́ Aládùn wò. Mo rántí Merryweather. Ó béèrè orúkọ tí òun yóò kọ sára ike rẹ̀. Ẹnì kan ní kí ó kọ orúkọ ìdílé. Ìyá mi kọ̀. Ó ní orúkọ Ìyá Àgbà ni kí ó kọ, torí òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ dáàbò bo igi náà fún ọgọ́ta ọdún ó lé. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Wọ́n gé Aládùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá. Ìyá mi kò lọ.

Ọ̀kan nínú méjì tó ta gbòǹgbò lọ sí ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí wa ní Ìlọrin, ewúrẹ́ jẹ ẹ́ láàárín oṣù méjì. Èkejì ni mo gbé lé ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀ láti Iléṣà dé Kúbwá, ewé rẹ̀ ń fọwọ́ kan awakọ̀ lẹ́yìn ọrùn. Igi inú igbó ẹlẹ́rùn-ún díẹ̀ ni àgbálùmọ̀, ọyẹ́ Àbújá kì í sì í ṣeré. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, ìyá mi fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe bòji fún un, ó ń bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí a fi fọ ìrẹsì náà ibẹ̀ ló ń lọ. Ikán wá ní ọdún kejì. A kó eérú sí ìdí rẹ̀, a sì ń tú ilé wọn ká ní àràárọ̀. Ní báyìí, ó ti ga jù mí lọ. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ẹ̀yìn ewé rẹ̀ tó ń dán bíi fàdákà á yí sókè, gbogbo igi á sì yí àwọ̀ padà.

Kí tiwa tó so, ti ọlọ́bárò la ń rà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n ṣe é bí òun ṣe ń ṣe Bramley. Mo máa ń là á, máa yọ kóró, máa fi ọwọ́ fún ẹran rẹ̀ gba inú asẹ́. Èèpo kò ní bá a lọ, inú rẹ̀ ni oje tó ń lẹ̀ pọ̀ sí. Àwọn ọmọ ló ń gba èèpo, wọ́n ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ṣingọ́ọ̀mù. Ife ẹran àgbálùmọ̀ méjì, ife ṣúgà kan, iná kékeré, a ó máa rò ó títí yóò fi ki. Ẹ fi òróró nu ara ìkòkò kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó bá a jà. Inú fíríìjì là ń gbé e sí. A ń fi jẹ búrẹ́dì, ṣùgbọ́n inú ògì gbígbóná ló ti dùn jù, ṣíbí kan péré. Ọmọ àbúrò mi tí kì í mu ògì rárá ti ń béèrè ògì báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ gbin kóró rẹ̀, kí ẹ fi dàgbà fún lílọ́, ẹ gbìn ín kíákíá. Tó bá ti gbẹ, kì í hù mọ́. Èyí tó kù, àwọn ọmọ ń fi í ṣeré, ó ń dán bí ẹni fi epo pa á.

Ní ọdún 2025, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, igi Kúbwá yọ òdòdó. Kékeré ni òdòdó àgbálùmọ̀, ẹni tí kò sún mọ́ ọn kò ní rí i. Púpọ̀ já. Mẹ́rin di èso. Àdán gbé ọ̀kan lọ lóru, ìyá mi sì fi àpò àlùbọ́sà bo àwọn mẹ́ta tó kù. Wọ́n ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé, wọ́n le bí òkúta. Àràárọ̀ ni ó ń jáde lọ kà wọ́n, bí ẹni pé wọ́n lè di mẹ́rin padà. Mo ní kí a ká ọ̀kan wò. Ó wò mí títí, kò dá mi lóhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Dádì Iléṣà pè. Wọ́n ti háyà ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó ní oòrùn pọ̀ ní iwájú wọn, àwọn oníbàárà kì í fẹ́ dúró, ó wá béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, bóyá igi ọ̀dọ̀ wa ti ní ẹ̀ka tó nípọn tó àtàǹpàkò. Mo ní ó ní méjì, sà, kí ẹ jẹ́ kí òjò dé.